Ọfà Tí Mo Nù Kúrò Lára Páìpù

Ẹrẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Mo lè sọ ọ́ báyìí láì wojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ nǹkan mìíràn. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Capitol Heights bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, màá ní, "Research ni, lórí climate," màá sì yára béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. N kì í sọ fún wọn pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ń kó wá bá mi láti etíkun Greenland, pé èmi ni mò ń là á sí méjì, tí mò ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ bí ìyá mi ṣe ń sẹ́ ògì, tí mò ń tò ó jọ sínú yàrá tútù. Ìbàdàn ni mo ti kàwé nípa ilẹ̀ àti òkúta. Nígbà tí mo dé ilẹ̀ òyìnbó yìí, ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kan nítòsí Oxon Hill kí n tó rí iṣẹ́ ẹrẹ̀ yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ tí mo rí i, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí láìsí àlàyé, ohun tí mo ṣe kò ní dà bí ẹ̀ṣẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni.

Ní òpin àríwá ayé, yìnyín tó nípọn ju òkè lọ ló bo ilẹ̀. Yìnyín náà kì í dúró sójú kan. Ó máa ń sún wá sí etí òkun, ó sì máa ń padà sẹ́yìn, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Nígbà tó bá wà nítòsí, á máa da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sínú omi. Nígbà tó bá ti jìnnà, ẹrẹ̀ tó kúnná ló máa ń rọra balẹ̀, pẹ̀lú ìkarahun kéékèèké nínú rẹ̀. Ọdún dé, ọdún lọ, ẹrẹ̀ ń balẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, èyí tó wà lókè ni àbúrò, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kà lè sọ ìgbà tí yìnyín wá àti ìgbà tó lọ. Àwọn tó ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ á ti páìpù rọ́bà gígùn bọ inú ẹrẹ̀ yìí, wọ́n á fà á jáde tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi ìdérí dúdú dé e lórí àti nídìí, wọ́n á sì fi máákà kọ nọ́ńbà sí i lára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà ni wọ́n máa ń ya ọfà kan sí. Ọfà yẹn ló ń fi ibi tí òkè wà hàn. Bí kò bá sí ọfà, ẹ lè dorí páìpù náà kodò, kò ní pariwo.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ fún àlejò àti onílé lọ́dọ̀ wa pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọfà. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún wọn.

Ọmọbìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ àti ìyàwó mi jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Springdale ni wọ́n ń gbé. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí ọmọ náà sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìkúnlẹ̀ dáadáa, ìyá rẹ̀ rí sí ìyẹn. Nígbà tó ń wá ibi tí yóò ti ṣe iṣẹ́ oyè kejì rẹ̀ ní yunifásítì, èmi ni mo mú un lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n wa, obìnrin òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ jù, mo ní ọmọ mi ni, ó mọ́wọ́, ó mọ́ra. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á. Ó tún ṣèlérí fún un pé bó bá ka ẹrẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ọmọ náà ni yóò gba àyè kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Greenland ní oṣù Keje. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí kò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ó ra ẹ̀wù òtútù sílẹ̀ nígbà tí ó ku oṣù mẹ́wàá.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa rẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ kì í tì í lójú. Á wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti ẹrẹ̀ Greenland lábẹ́ èékánná. Bí àwọn ìyá bá bi í pé kí ló ń kọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mud ni, Auntie! Èmi àti Uncle, mud la jọ ń ṣe." Èmi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa wo bàtà mi. Ó máa ń wù mí kí n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ní oṣù Kẹwàá, àwọn tó ń darí àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa ní àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ wá wo ibi iṣẹ́ mi, kí wọ́n lè rí ọmọ Yorùbá tó jẹ́ sáyẹ́ǹtíìsì. Pásítọ̀ wa náà yóò bá wọn wá. Mo ti ní "Ẹ máa bọ̀, inú mi á dùn" kí n tó rántí ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Fúráìdè, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé, mo dúró nínú yàrá tútù, mo wo páìpù méjìlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ dé. Ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lára gbogbo wọn. Ìyá mi kì í jẹ́ kí àlejò bá ilé nínú ìdọ̀tí. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ti ìgbálẹ̀ sábẹ́ àga kó tó dáhùn. Mo ní pásítọ̀ kò ní bá mi láàárín ẹrẹ̀. Mo gbé sípírítì, mo gbé ìnura, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu páìpù.

Sípírítì kò mọ ẹrẹ̀ yàtọ̀ sí máákà. Nígbà tí mo nu páìpù kìíní, nọ́ńbà àti ọfà rẹ̀ bá ìnura lọ. Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n páìpù náà ń dán, ó wù mí, mo sì sọ fún ara mi pé kò sí ewu: bí mo bá ti ń nu ọ̀kan, màá tún nọ́ńbà àti ọfà rẹ̀ kọ lójú ẹsẹ̀ kí n tó gbé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún mẹ́fà. Mo nu ìkeje tán, máákà wà lọ́wọ́ mi, ni fóònù dún nínú ọ́fíìsì. Akọ̀wé ìjọ ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àyè wà láti gbé bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì sí, àti bóyá kí àwọn ọmọ gbé oúnjẹ dání. A sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo padà dé, páìpù keje wà lórí tábìlì, ó mọ́ tónítóní, ìdérí dúdú lápá kan, ìdérí dúdú lápá kejì. N kò mọ apá tó jẹ́ òkè mọ́.

Mo dúró, mo ń wò ó. Mo gbìyànjú láti rántí ọwọ́ tí mo fi gbé e kalẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ máa ń ya fọ́tò páìpù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó o wọlé, pé fọ́tò náà wà lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbólóhùn kan ni yóò ná mi: "Mo ti pa ọfà ìkeje rẹ́." Ṣùgbọ́n yóò bi mí ìdí tí mo fi ń nu páìpù. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ẹrẹ̀ tí mò ń jẹ lára rẹ̀ ń tì mí lójú níwájú pásítọ̀ mi?

Mo ní apá ọ̀tún ni òkè. Mo ya ọfà, mo kọ nọ́ńbà méje sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì nu àwọn yòókù.

Àwọn àlejò náà dé, wọn kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Òtútù lé wọn jáde. Ọmọ kékeré kan bi mí pé, "Where's the mud?" Mo ní inú páìpù ló wà, ó ní òun rò pé òun máa lè fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ sì fà ro. Pásítọ̀ ní Ọlọ́run ti gbé mi ga. Kò sẹ́ni tó wo ara páìpù.

Ní oṣù Kìíní, ọ̀jọ̀gbọ́n pín páìpù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìkeje sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ wa. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó là á. Ó fi ayùn là á ní gígùn, ó ṣí i bí ẹni ń la èèpo erèé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìsàlẹ̀: ẹrẹ̀ kúnná, ẹrẹ̀ kúnná, ìkarahun, lẹ́yìn náà, lókè pátápátá, òkúta àti yanrìn. Ó tún un kà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Uncle, ẹ wò ó! Ó padà wá! The ice came back!" Nínú àwọn páìpù yòókù láti agbègbè náà, òkúta ló wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ kúnná ló wà lókè: yìnyín lọ, kò padà. Nínú tirẹ̀ nìkan ni yìnyín ti padà wá. Ó rò pé òun ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Mo mọ ohun tí mò ń wò. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ̀ ọ́n dájú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n tó láti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ó dáa o. Congratulations." Ó dì mọ́ mi, ẹrẹ̀ sì kan ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo lọ fọ̀ ọ́ kúrò.

Oṣù mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́ lórí ẹrẹ̀ náà. Ó ka gbogbo òkúta tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ìkarahun rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń wá ọjọ́ orí nǹkan. Ní oṣù Kẹrin, ó dúró níwájú gbogbo wa nínú yàrá ìpàdé, ó wọ aṣọ tó dáa, ó ṣàlàyé bí yìnyín ṣe padà wá. Ó sọ ọ́ dáadáa, kò wolẹ̀. Nígbà tó parí, ọ̀jọ̀gbọ́n ní èsì ọjọ́ orí dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì gbé e sójú ògiri. Ìkarahun tó wà nísàlẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí sí èyí tó wà lókè. Àbúrò wà nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà lókè. Kò sí ẹni tí kò yé pé wọ́n ti ka páìpù náà dorí kodò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ́rìn-ín, ó tún fọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Who opened this one?"

Ọmọ náà ní òun ni.

"Did you check the arrow?"

"I did," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "I thought I did." Ó yíjú sí mi. Èmi ni mò ń bójú tó gbogbo páìpù, bó bá sí ẹni tó lè gbà á sílẹ̀, èmi ni. Mo wo ife tíì tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ń wò ó títí wọ́n fi dìde.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Èmi náà ni mo sì wọ́ orí ọmọ náà.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ilé mi lẹ́yìn ìsìn. Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́, ó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Uncle, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ síbẹ̀. Mo ti dójú tì yín." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ nǹkan mìíràn. Ó ń wò mí. Ó pẹ́ níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó pẹ́ ju bí ìkúnlẹ̀ ti í pẹ́ lọ, mo sì rò pé ẹkún ló ń gbé mì.

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní kí Ọlọ́run dárí àìkíyèsára rẹ̀ jì í. Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní ọkàn tó ń fara balẹ̀. Mo gbàdúrà náà dáadáa, mo fi ẹsẹ Bíbélì kún un. Ó ní àmín, ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá rẹ̀ gbé kúlà mọ́ínmọ́ín wá. Ó ní òun wá bẹ̀ mí ni, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fojú sílẹ̀, pé kí n má jẹ́ kó sú mi. Mo ní kò sú mi. Ẹyin wà nínú mọ́ínmọ́ín náà, ẹja wà níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní àyè rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra wà lára ògiri ọ́fíìsì wa, mò ń rí i láràárọ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè màá ní ó di Túsìdeè, ní Túsìdeè màá ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní iṣẹ́ púpọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti lè sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó lọ, ọmọ náà á gba àyè rẹ̀ padà. N kò lè díbọ́n pé n kò mọ̀. Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi kò kú, n kò sì gba ẹ̀sín náà. Mo gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọkọ̀ gbéra ní oṣù Keje.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún obìnrin kan pé ọmọ òun ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kan ní Largo, ó ń dáhùn tẹlifóònù. Ó ní, "Uncle yìí gbìyànjú fún un o. Ọmọ ni kò ṣe dáadáa." Ó nawọ́ sí mi. Obìnrin náà kí mi kú iṣẹ́.

N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀: sípírítì, fóònù, ọfà, pásítọ̀. Ó gbọ́ mi tán. Kò pariwo. Ó ní bí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ní oṣù Kẹwàá, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà láti tún un ṣe. Ó ní bí mo bá sọ ọ́ ní oṣù Kẹrin, ọmọ náà ì bá bá ọkọ̀ lọ. Ó ní òun máa kọ̀wé sí i, òun máa sọ fún gbogbo àwọn tó wà ní ìpàdé yẹn, ṣùgbọ́n òun kò mọ ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn tún máa lọ. Lẹ́yìn náà ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, ìyẹn sì dùn mí ju kó ní kí n máa lọ sílé lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wa mọ́tò lọ sí Springdale. Ọmọ náà ló ṣílẹ̀kùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni, bàtà ọ́fíìsì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èékánná rẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kó dìde. A jókòó síta, lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Mo ti ka ohun tí mo fẹ́ sọ sórí nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yanu, ohun tó jáde kò ju pé, "Èmi ni mo nu ọfà yẹn kúrò. Èmi ni mo tún un yà. Ìwọ ò ṣẹ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Kò yà á lẹ́nu. Ó yọ fóònù rẹ̀ láti inú àpò, ó wá nǹkan kan lórí rẹ̀ díẹ̀, ó fi hàn mí. Fọ́tò méjì ni. Èkíní ni páìpù keje nínú ọkọ̀, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ibì kan kán díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọfà sì kọjú síbi tó kán. Èkejì ni páìpù kan náà lórí tábìlì wa, tí wọ́n yà kí wọ́n tó là á, ó ń dán, ọfà kẹ̀yìn síbi tó kán. Nọ́ńbà méje tó wà lára rẹ̀ ní igi kékeré láàárín, bí olùkọ́ mi ní Ìbàdàn ṣe kọ́ mi. Kò sí ẹlòmíràn ní yàrá iṣẹ́ wa tó ń kọ méje bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ìgbà wo lo rí èyí?"

"That same week, Uncle. Lọ́jọ́ Sátidé. Mo lọ béèrè fún àwọn fọ́tò yẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Mummy ní a kì í tú àṣírí àgbà." Ó yí fóònù náà dé sórí itan rẹ̀. "Mo ní kí n wá bá yín nílé. I thought, bí mo bá kúnlẹ̀, tí mo bẹ̀ yín, ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Mo wá ń dúró."

Mọ́tò kan kọjá níwájú ilé, ọmọ náà wò ó títí ó fi yà.

"Ẹ wá gbé ọwọ́ lé mi lórí," ó ní. "Ẹ gbàdúrà fún mi. Mo sì ṣe àmín, Uncle."